Páànù Tí Mo Rì Mọ́ Abẹ́ Máńgòrò

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, bóyá ọkàn mi á fúyẹ́.

Ilẹ̀ mì díẹ̀ ní àdúgbò wa ní Maitumbi, níhà àríwá níbí, ògiri wa sì sán. Ìyẹn ló gbé àwọn oníwádìí wá láti yunifásítì. Wọ́n ní ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń tì lórí ilẹ̀ bíi kẹ̀kẹ́ ọmọdé, tó ń fi hàn lójú kọ̀ǹpútà ibi tí ilẹ̀ ti ya nísàlẹ̀. Ladi, ọmọbìnrin Gbagyi tó ń tì í, wá kí mi nílé. Ó ní lọ́la àwọn á gba ẹ̀yìn ilé wa, lábẹ́ igi máńgòrò.

Àyà mi já! Abẹ́ máńgòrò yẹn ni ìyá ọkọ mi sin ibi ọmọ mi, Àríkẹ́, sí nígbà tí mo bí i lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Ìyá ọkọ mi kìlọ̀ pé àjèjì ò gbọdọ̀ mọ ojú ibẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń rí inú ilẹ̀ wá ńkọ́?

Ṣé mo béèrè? Rárá o. Kí ọkọ mi tó ti ibi iṣẹ́ dé, mo ti ha ilẹ̀ díẹ̀ lójú Àríkẹ́, mo tẹ́ ògbólógbòó páànù lé e kí ẹ̀rọ má baà ríran kọjá, mo da iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Mo rò pé mo gbọ́n!

Lọ́jọ́ kejì, bí ẹ̀rọ ṣe débẹ̀, ojú kọ̀ǹpútà dàrú. Ọ̀gá wọn bẹ̀rẹ̀ sí í bú Ladi pé kò yẹ ilẹ̀ wò dáadáa, pé ó ti ba iṣẹ́ ọjọ́ náà jẹ́. Ladi yíjú sí mi, ó fi Hausa béèrè bóyá irin wà níbẹ̀. Mo ní babu, kò sí o. Mo wá dúró, mo ń wo bí wọ́n ṣe ń bú ọmọ ọlọ́mọ nítorí mi.

Wọ́n gbé ṣọ́bìrì. Ibẹ̀ ni Àríkẹ́ ti lanu. Ẹ mọ̀ pé Hausa ló mọ́ àwọn ọmọ wa lẹ́nu jù:

"Mama ce ta binne."

Màmá ló rì í mọ́lẹ̀, èmi ìyá rẹ̀ ló ń wí. Kò sẹ́ni tí kò gbọ́. Mo fi ìborùn bojú.

Mo jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀. Ladi ò rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀rọ àwọn ò lè dá ibi ọmọ mọ̀ yàtọ̀ sí iyẹ̀pẹ̀, irin ló ń dà á láàmú. Ó wá rọra sọ pé:

"Àǹtí, ká ní ẹ sọ fún mi lánàá ni, à bá kàn yà fún un."

Ó fọwọ́ ara rẹ̀ yọ páànù, ó da iyẹ̀pẹ̀ padà, kò jẹ́ kí wọ́n wà á jìn. Mo kúnlẹ̀ bẹ ọ̀gá rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹgbẹ́ ẹ̀ ti gbọ́ èébú yẹn ná, mi ò sì lè kó o padà.

Ẹ jọ̀ọ́, tí ohun kan bá ń bà yín lẹ́rù, ẹ béèrè. Páànù yẹn kọ́ ló ń dùn mí títí dòní, "babu" tí mo sọ ni.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ni wọ́n ti bú rí nítorí yín, tí ẹ sì dákẹ́? Ẹ kọ ọ́ síbí, kó má jẹ́ èmi nìkan lojú ń tì.