Orúnkún Bàbá Ẹ̀fọ̀n

Àwọn ọmọ mi máa ń fi àwọn abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò àtijọ́ hàn mí lórí fóònù, àwọn tó ti jẹ ṣáńpíọ̀nì láàárín àwọn tó wúwo jù láyé. Irun wọn ti funfun, ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń bú ara wọn lórí ìjà tí wọ́n jà kí wọ́n tó bí ẹni tó ń fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò. Ó máa ń ya àwọn ọmọ mi lẹ́nu. Kò ya èmi lẹ́nu rárá, nítorí pálọ̀ wa ní Arámọkọ ni mo ti wo irú rẹ̀ dàgbà.

Bàbá mi ti jẹ ṣáńpíọ̀nì rí. Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá mi, àgbẹ̀ kòkó tí kì í lè pa adìẹ láì kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́. Nígbà èwe rẹ̀, òun ló gba ipò kìíní láàárín àwọn tó wúwo jù ní gbogbo agbègbè wa. Lọ́dún kejì, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n ní kò wúwo tó mọ́, wọn ò sì jẹ́ kó jà; káfíńtà kan láti Ẹ̀fọ̀n ló gba ipò náà. Bàbá Ẹ̀fọ̀n ni gbogbo ilé wa ń pe káfíńtà yìí. Bàbá mi ní ipò náà kò tọ́ sí i, pé káfíńtà gan-an ni kò wúwo tó. Òṣùwọ̀n àwọn tó ń ra kòkó ni wọ́n fi ń wọn àwọn abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò nígbà náà: wọ́n á di ìkọ́ rẹ̀ mú, wọ́n á ká ẹsẹ̀ sókè, wọ́n á máa fì bí àpò kòkó. Bàbá mi ní òṣùwọ̀n yẹn jẹ nínú ìwúwo tòun, ó sì fi èyí tó jẹ kún ti káfíńtà. Tí a bá bi í bí òṣùwọ̀n ṣe mọ ará Arámọkọ yàtọ̀ sí ará Ẹ̀fọ̀n, á ní ká lọ fọ abọ́.

Lọ́dún kẹta, àwọn méjèèjì kojú ara wọn ní pápá ilé-ìwé kan ní Ìjerò. Ní ráùndì kẹta, òjò dé. Kí gbogbo ènìyàn tó sá wọ kíláàsì, títí kan rẹfirí tó jẹ́ tíṣà, orúnkún Bàbá Ẹ̀fọ̀n kan ilẹ̀. Kò sí ẹni tó jiyàn ìyẹn. Ohun tó gbé orúnkún dé ilẹ̀ ni wàhálà. Bàbá mi ní ọwọ́ òsì òun ni. Bàbá Ẹ̀fọ̀n ní ẹrẹ̀ ló yọ òun. Rẹfirí ní bàtà òun lòun ń wá nígbà yẹn. Wọn ò tún ìjà náà jà mọ́, wọn ò sì dákẹ́ nípa rẹ̀ fún àádọ́ta ọdún.

Ẹ má rò pé ọ̀tá ni wọ́n o. Lẹ́yìn gbogbo ìkórè, Bàbá Ẹ̀fọ̀n á gun ọ̀kadà wá, àpótí ìjókòó kan tó kàn fúnra rẹ̀ á wà lórí itan rẹ̀. Ìyá mi á gún iyán. Kí iyán tó tutù, ẹnì kan á ti dárúkọ orúnkún. Ìyá mi á sáré kó àwo kúrò nílẹ̀, torí ó mọ̀ pé wọ́n máa dìde fi bó ṣe ṣẹlẹ̀ han ara wọn. Lọ́dún kan, nígbà tí àwọn méjèèjì ti lé ní àádọ́rin, Bàbá Ẹ̀fọ̀n fi bí òun ṣe yọ̀ hàn wá lórí táìsì wa, ó sì yọ̀ ní tòótọ́. Ọ̀sẹ̀ kan ló fi wà nílé wa pẹ̀lú orúnkún tó wú. Bàbá mi ló ń fi omi gbígbóná jó o láràárọ̀, tó ń fi róòbù pa á, tó ń sọ pé, "Ìkejì rèé o. Ṣé òjò rọ̀ nínú ulé mi náà ni?"

Ní ìlú wa, àgbàlagbà tó gbọ́n kì í fi ìtàn ìgbésí ayé tí wọ́n máa kà níbi ìsìnkú rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ. Bàbá mi lọ síbi ìsìnkú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Ìlogbò, wọ́n sì kà á síta pé olóògbé fẹ́ràn ẹ̀fọ́. Inú bí i délé. "Kò jẹ ẹ̀fọ́ rí láyé rẹ̀!" Ọjọ́ kejì ló pè mí, èmi àbígbẹ̀yìn tó jẹ́ tíṣà, pé kí n wá kọ tirẹ̀ kó tó kú. Ilé tó kọ́, oko kòkó, ọmọ mẹ́fà, oyè ìjọ, gbogbo rẹ̀ kò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Gbólóhùn kan ló gba ọjọ́ mẹ́ta: "Kò sí ọkùnrin tó nà án rí, ó sì na gbogbo ẹni tó kò lójú." Ó ní kí n pe Bàbá Ẹ̀fọ̀n lórí fóònù, kí n kà á fún un.

Mo kà á. Bàbá Ẹ̀fọ̀n ní, "Ọjọ́ tí wọ́n bá ka urọ́ yẹn, mo máa dìde láàárín ṣọ́ọ̀ṣì."

"Tí ìwọ bá kọ́kọ́ lọ ńkọ́?" ni bàbá mi pariwo. "Èmi ni mo máa dìde ní tìẹ!"

Mo ní ẹ jọ̀ọ́, níbi ìgbéyàwó nìkan ni wọ́n ti ń bèèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ohun tó lòdì. Mo rò pé àwàdà ni, àfi ìgbà tí bàbá mi kò jẹun ọ̀sán. Ó ní, "Ta ni kò kọ́lé? Ta ni kò bímọ? Ohun kan ṣoṣo tó jẹ́ tèmi nìkan nìyẹn, ẹnì kan ṣoṣo ló sì lè gbà á lọ́wọ́ mi." Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an, mo sì fi gbólóhùn náà sílẹ̀ bó ṣe wà.

Nínú ọyẹ́ ọdún yẹn, Bàbá Ẹ̀fọ̀n kú. Àìsàn ọjọ́ díẹ̀ ni. Bàbá mi kò sunkún. Ìbéèrè tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ta ló kọ ìtàn rẹ̀?" Ní ọjọ́ ìsìnkú, èmi ni mo wa ọkọ̀, mo sì ń bẹ̀ ẹ́ láti Arámọkọ títí a fi gun òkè Ẹ̀fọ̀n: Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ohunkóhun tí wọ́n bá kà, ẹ má dìde. Ojú fèrèsé ló ń wò. Mo fi í jókòó sí ọ̀dọ̀ ògiri, mo sì di etí agbádá rẹ̀ mú.

Ọmọ olóògbé bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ó ka iṣẹ́ káfíńtà, ó ka ìjókòó ṣọ́ọ̀ṣì tí bàbá rẹ̀ kàn lọ́fẹ̀ẹ́, ó wá dé ìdí ẹ̀ṣẹ́. Mo di agbádá mú dáadáa. Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n na bàbá wa rí. Ní Ìjerò ni. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà ní Arámọkọ ló nà án, ọwọ́ òsì ló sì fi nà án."

Agbádá já kúrò lọ́wọ́ mi.

"Urọ́ ni!" Bàbá mi ti wà lórí ìdúró. Àlùfáà gbójú sókè. "Urọ́ pátápátá ni! Ẹrẹ̀ ló yọ̀ ọ́. Mo ju ọwọ́ òsì, mo sì tàsé rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ yẹn. Ẹ gé e kúrò níbẹ̀!"

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn akọrin, ó sì kárí. Ìyàwó olóògbé rẹ́rìn-ín títí ó fi bo ojú, nígbà tó máa ṣí i, omijé ló wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìsìn, ó di ọwọ́ bàbá mi mú. "Lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ jọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù ló ní kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo bi í pé, ṣé ẹ ti gbà pé ọ̀rẹ́ yín nà yín ni? Ó ní rárá o, ẹrẹ̀ ni. Ó ní kí n ṣáà máa wò ó, pé ọ̀rẹ́ òun kò ní lè jókòó."

A sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè Ẹ̀fọ̀n. Ibẹ̀ ni bàbá mi ti wá sunkún, ó ń lu orúnkún ara rẹ̀, ẹ̀rín sì ń bá ẹkún náà jáde. A délé, ó ní kí n mú ìwé òun wá, kí n fa igi sí gbólóhùn yẹn.

Mo bi í pé kí ni kí n kọ dípò rẹ̀.

"Kọ ọ́ pé ẹnì kan nà mí rí," ló wí. "Ní Ẹ̀fọ̀n ni. Orí ìdùbúlẹ̀ ló wà tó fi nà mí."