Ọ̀fìnkìn Ìyá Ọkọ Mi àti Àwọn Tó Ń Lọ Sójú Òfurufú

Ohun àkọ́kọ́ tí ìyá ọkọ mi ṣe nígbà tí wọ́n jáde sí wa ní pápákọ̀ òfurufú Houston ni pé wọ́n sín. Wọn ò tíì kí mi, wọn ò tíì gbá ọmọ mi mọ́ra. Wọ́n gbé orí sókè, wọ́n sì sín, débi pé ọlọ́pàá tó wà lẹ́nu ọ̀nà yíjú padà. Ọmọ mi obìnrin, tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ, wò mí. Èmi náà wò ó. Àwa méjèèjì la mọ̀ pé wàhálà ti dé.

Kí ẹ lè mọ bí sísín ìyá àgbà kan ṣe lè di wàhálà, mo ní láti sọ iṣẹ́ tí ọkọ mi ń ṣe. Dókítà ni. Àmọ́ àwọn tó ń tọ́jú kì í ṣe aláìsàn. Àwọn tí ara wọn le ju tèmi tiyín lọ ni, àwọn tí wọ́n ń fi rọ́kẹ́ẹ̀tì gbé lọ sí ibùdó tó wà lókè lọ́hùn-ún, tó ń yí ayé po, tí wọ́n á máa gbé ibẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan kí wọ́n tó padà wálé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti rí i pé kò sí nǹkan tó ń ṣe wọ́n kí wọ́n tó lọ. Bí ẹnì kan bá gbé ọ̀fìnkìn gòkè, nínú ilé tí kò ní fèrèsé tó ṣeé ṣí, gbogbo wọn ni yóò kó o. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń yà wọ́n sọ́tọ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó gbéra. Ẹni tó bá sì fẹ́ dé ọ̀dọ̀ wọn, òun àti ará ilé rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ máa húkọ́, wọn ò sì gbọ́dọ̀ máa sín.

Láti ìgbà tí wọ́n ti yan ọkọ mi mọ́ ìrìn àjò yìí ni ilé wa ní Missouri City, lẹ́bàá Houston, ti di ilé ìwòsàn. À ń fọwọ́ bí ẹni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ. Tí ọmọ bá ti ilé ìwé dé, bàbá rẹ̀ á bi í bóyá ẹnikẹ́ni sín ní kíláàsì, á sì tún béèrè ibi tí onítọ̀hún jókòó sí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Alief, kò bọ ènìyàn lọ́wọ́ mọ́. Ó kàn ń tẹrí ba fún ọmọdé àti àgbà láti òkèèrè, tí àwọn kan fi ń sọ pé ìgbéraga ti wọ dókítà, tí àwọn mìíràn sì ń sọ pé ìrẹ̀lẹ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù.

Mo pè é láti ibi tí a gbé ọkọ̀ sí.

"Màmá ti dé o," mo ní.

"A dúpẹ́ o! Ṣé ara wọn le?"

"Ara wọn le. Wọ́n kàn sín díẹ̀."

Mo gbọ́ tó ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀.

"Ṣé sísín eruku ni àbí sísín ọ̀fìnkìn?"

Kí n tó dáhùn, Màmá tún sín, èyí tó lómi nínú. Dókítà fetí ara rẹ̀ gbọ́ ọ. Ó ní òun ò lè wálé mọ́, kí n kó aṣọ òun sínú báàgì kí n gbé e síwájú ilé, òun á máa sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì kan lẹ́bàá ibi iṣẹ́. Ọkùnrin tó ti ń ka oṣù nítorí ìyá rẹ̀ ń bọ̀!

Orí frìíwéè ni mo ti sọ ọ́ fún Màmá, torí mo rò pé ẹni tó wà nínú ọkọ̀ tó ń sáré kò ní lè ṣílẹ̀kùn bọ́ sílẹ̀. Olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n n'Íbàdàn kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, wọ́n sì tẹ́tí sí mi bí ẹni tó ń gbọ́ àwáwí ọmọ tí kò ṣe iṣẹ́ àmúrelé.

"Ìyàwó," wọ́n ní, "ṣé ohun tí ò ń sọ ni pé èmi ni mo máa kó àrùn ran ọmọ mi?"

"Kì í ṣe ọmọ yín, Màmá. Àwọn tó ń lọ sókè ni."

"Èmi tí mo fi ẹnu mi fa ikun imú rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́! Ikun tirẹ̀ ò pa mí. Tèmi ló wá fẹ́ pa àwọn tó ń lọ sókè?"

Ọmọ mi bẹ́ sọ́rọ̀ láti ẹ̀yìn ọkọ̀. "Grandma, ẹ fi ẹnu ṣe kí ni?"

Màmá ṣàlàyé fún un ní kíkún títí a fi délé. Ọmọ náà ò jẹun dáadáa lọ́jọ́ yẹn.

Ní ọjọ́ kejì, kí ilẹ̀ tó ṣú, ọkọ mi wá mú báàgì rẹ̀. Ó gbé ọkọ̀ sí òdìkejì títì. Màmá dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìbòmú. Mo fi àga dí ọ̀nà kí ìfẹ́ má baà gbé wọn jáde. Bí ọkọ mi ṣe fojú kàn wọ́n, gbogbo ìmọ̀ dókítà fò lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí koríko iwájú ilé wa, tòun ti táì, tòun ti káàdì iṣẹ́ lọ́rùn.

Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Oríkì ìdílé wọn ò kéré. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni tó tẹ abúlé wọn dó, ó kan ẹni tó jagun, ó tún kan ẹni tó sá lójú ogun tó wá padà nígbà tó rántí pé òun gbàgbé fìlà. Ọmọ tó bá dọ̀bálẹ̀ fún oríkì kò gbọ́dọ̀ dìde títí yóò fi tán. Ṣùgbọ́n koríko Texas kì í ṣe koríko Ìbàdàn. Èèrà pupa ló ń gbé inú rẹ̀, àwọn kan báyìí tí kì í ta ènìyàn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: wọ́n á kọ́kọ́ gun ènìyàn tán ná, wọ́n á wá ta á lẹ́ẹ̀kan náà. Mo rí i tí èjìká ọkọ mi gbọ̀n. Màmá rò pé oríkì ló wọ̀ ọ́ lára. Wọ́n gbóhùn sókè, wọ́n padà sórí ẹni tó tẹ abúlé dó.

Àsìkò yẹn gan-an ni ará ilé kejì wa, àgbàlagbà ọmọ Amẹ́ríkà kan, ń mú ajá rẹ̀ kọjá. Ohun tó rí ni ọkùnrin kan tó dojú bolẹ̀ tó ń gbọ̀n, àti ìyá àgbà tó fi ìbòmú bo ẹnu tó ń ké lé e lórí. Ó fa fóònù yọ. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, òun ti ń pe áńbúláǹsì.

"Kò sóhun tó ṣe mí!" ọkọ mi kígbe láti inú koríko. "Ìyá mi ni mò ń kí!"

Bàbá náà wo ọkọ mi, ó wo Màmá, ó wo ajá rẹ̀. Ó ní òun náà níyàá rí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ wá kan oúnjẹ. Dókítà ní òun ò lè jẹ oúnjẹ tí ẹni tó ní ọ̀fìnkìn bá sè. Màmá gbà, àmọ́ wọ́n ní àwọn á máa wo bí mo ṣe ń sè é. Wọ́n gbé àga sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná.

"Iyọ̀ ò tó."

"Màmá, ẹ ò tíì tọ́ ọ wò."

"Òórùn rẹ̀ ni mo fi mọ̀."

Imú tó ti dí pa látinú bàálù! Mo fi iyọ̀ sí i, mo gbé e síwájú ilé fún un. Nígbà tí ọkọ mi jẹ ẹ́ tán, ó pè láti dúpẹ́, ó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè bóyá mò ń bá òun bínú ni.

Ó ń ròyìn gbogbo èyí fún àwọn tó ń tọ́jú, níbi tí wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀ sí. Ọ̀kan nínú wọn, obìnrin kan tó jẹ́ pé ìgbà àkọ́kọ́ tó máa lọ sókè nìyẹn, ní òun fẹ́ kí ìyá tí àwọn gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó pè wá lórí fóònù, irú ìpè tí a fi ń rí ojú ara wa.

Màmá ti wé gèlè sílẹ̀ láti àárọ̀. Gẹ̀ẹ́sì wọn dára ju tèmi lọ, àmọ́ wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì àwọn ará ibí ń gba imú jáde, kì í yé àwọn. Nígbà tó sì jẹ́ pé ti Màmá náà ń gba imú jáde lọ́sẹ̀ yẹn, obìnrin náà kò gbọ́ tiwọn. Bí mo ṣe jókòó sáàárín wọn nìyẹn, tí mò ń tú Gẹ̀ẹ́sì sí Gẹ̀ẹ́sì.

Obìnrin náà ní kí Màmá má bínú, pé tìtorí àwọn ni ọmọ wọn ò ṣe sùn nílé.

"Kò burú," Màmá ní. "Ṣé ìyá tìrẹ wà láyé?"

"Ó wà."

"Kí ló sọ sí ìrìn àjò yìí?"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní ìyá òun máa wá sí Florida, níbi tí àwọn ti máa gbéra, àmọ́ kò ní lè súnmọ́ òun. Àwọn ẹbí á dúró lápá kan títì, àwọn tó ń lọ á dúró lápá kejì, wọ́n á máa juwọ́ síra wọn.

Màmá yíjú sí mi.

"Ṣé ó ní ìyá òun náà ò ní fọwọ́ kan òun?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ọmọ tó ń lọ sókè báyẹn? Tí kì í ṣe Èkó ló ń lọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e súnmọ́ ojú débi pé ihò imú wọn nìkan ni obìnrin yẹn á máa rí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà ní Yorùbá. "Àlọ rẹ á dára, àbọ̀ rẹ á dára. Ohun tó gbé ọ lọ kò ní já ọ kulẹ̀. Ilé tí o fi sílẹ̀ kò ní tú. Ìyá rẹ á fojú rí ọ, á sì fọwọ́ kàn ọ́." Obìnrin náà dijú. Ó ń ṣe àmín níbi tí kò yẹ, àmọ́ ó ń ṣe é tọkàntọkàn. Nígbà tí àdúrà parí, ó bi mí ohun tí Màmá sọ. Mo wá Gẹ̀ẹ́sì àdúrà náà tì. Ohun kan ṣoṣo tó jáde lẹ́nu mi ni, "Wọ́n ní kí o mú aṣọ òtútù dání."

"Háà, òótọ́ ni," Màmá ní. "Mo gbàgbé ìyẹn. Tún un sọ fún un."

Láti ọjọ́ náà, mi ò gbọ́ ẹjọ́ kankan lẹ́nu wọn mọ́.

Àárọ̀ Sátidé kan ni wọ́n fi ìgbéra sí. Ọkọ mi ti bá wọn lọ sí Florida. Màmá wọ aṣọ ìjáde, wọ́n gbé báàgì lé itan, wọ́n jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀. Rọ́kẹ́ẹ̀tì náà dúró ṣánṣán, ó ń rú èéfín díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kó lọ, wọ́n kéde pé atẹ́gùn ojú òkun ò dára, ó di ọjọ́ mìíràn. Mo rò pé Màmá á kanra, torí ìyẹn tún sún ìgbà tí wọ́n á rí ọmọ wọn síwájú. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

"Ọlọ́gbọ́n ni wọ́n," wọ́n ní. "Dẹ́rẹ́bà tó máa ń gbé wa lọ sí àpéjọ ṣọ́ọ̀ṣì ì bá ti ní ká máa gbàdúrà, òun ń lọ ní tòun."

Nígbà tí wọ́n tún dán an wò, ojú ọjọ́ gbà. Màmá fi ìborùn bojú, wọ́n ṣẹ́ ojú kan kù. Iná sọ lábẹ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì, ó kọ́kọ́ ń dìde wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tó ru ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ, lẹ́yìn náà ó mú ọ̀nà pọ̀n. Màmá ti wà lórí ìdúró. "Ó dàbọ̀ o! Ó dàbọ̀ o, ọmọ mi!" Wọ́n ń juwọ́ sí tẹlifíṣọ̀n. Ọmọ mi náà ń juwọ́. Mo ní èmi ò ní juwọ́ sí tẹlifíṣọ̀n, àgbàlagbà ni mí. Ìgbà tí mo wòkè, ọwọ́ mi ni mo rí.

Wọ́n fi àwọn èrò tó ń wòran hàn. Ìyá arúgbó kan wà láàárín wọn tó gbé ọwọ́ lé àyà, tó la ẹnu sílẹ̀.

"Ìyá rẹ̀ nìyẹn," Màmá ní.

Mi ò mọ̀ bóyá òun ni, ṣùgbọ́n mi ò jiyàn.

Nígbà tí wọ́n dé ibùdó náà lọ́jọ́ kejì, a rí obìnrin yẹn tó ń léfòó wọlé, tí irun rẹ̀ nà sókè gbagidi. "Ẹ wo orí rẹ̀!" Màmá kígbe. "Wọ́n kó gbogbo ọ̀mọ̀wé jọ, kò sẹ́ni tó lè bá a dirun?"

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọkọ mi tó wálé. Imú Màmá ti là tipẹ́. Mo ti múra sílẹ̀ fún ẹkún, ṣùgbọ́n wọn ò sunkún. Wọ́n di etí rẹ̀ méjèèjì mú, wọ́n wò ó lójú, wọ́n ní, "O ti rù."

Ọkọ mi, tí bẹ́líìtì rẹ̀ ti lo ihò rẹ̀ tó kẹ́yìn, ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Mo ti rù." Ó gbé orí lé èjìká wọn, kò sì gbé e kúrò. Mo mú ọmọ mi lọ sí ilé ìdáná.

Orí àga ìjókòó ni ọkọ mi sùn lọ sí, ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí itan ìyá rẹ̀. Mo fẹ́ jí i kó wá jẹun, Màmá juwọ́ sí mi. A jẹun láìsí i, ọmọ mi sì jẹ ẹran rẹ̀. Ìgbà tó jí, ohun tí Màmá kọ́kọ́ bi í ni pé, "Ìyá ọmọ yẹn, ṣé ẹ ní nọ́ńbà rẹ̀?"

Ọkọ mi bi obìnrin náà lókè níbi tó wà, obìnrin náà sì ní kí a pe ìyá òun, inú rẹ̀ á dùn. Màmá pè é. Èyí tí mo gbọ́ ni pé láti ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ ti lọ, oúnjẹ àárọ̀ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Màmá ní ìyẹn ò dára, kó máa mu ògì gbígbóná. Ibi tí ìyá yẹn á ti rí ògì ní ìlú rẹ̀, Màmá kò rò ó. Èmi ni wọ́n rán. Mo wakọ̀ lọ sí Alief, mo ra ògì oníyẹ̀fun ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ọmọ Nàìjíríà, mo kọ bí wọ́n ṣe ń rò ó sí ara páálí, mo fi ránṣẹ́.

Ìyá náà pe Màmá padà lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ó ní ó kan díẹ̀, ṣùgbọ́n òun mu ún tán.