Àyè tí antifáírọ́ọ̀sì gbà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi

Ọwọ́ ara mi ni mo fi pa ohùn ẹ̀gbọ́n mi rẹ́.

Láti oṣù tó kọjá ni kọ̀ǹpútà mi ti ń sọ pé inú òun kún. Mo ń pa nǹkan rẹ́ díẹ̀díẹ̀, títí mo fi pa fídíò tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣe fún mi ní Sakété kó tó kú.

Lónìí, mo gbé kọ̀ǹpútà náà lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Tokoin, ní Lomé níbí.

"Papa, antifáírọ́ọ̀sì yín ló gba gbogbo àyè. Ìgbàkígbà tó bá yẹ inú kọ̀ǹpútà wò ló ń kọ ìròyìn pamọ́. Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ń ní kó yẹ̀ ẹ́ wò lójúmọ́?"

"Bí ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Ẹ̀rù kòkòrò tó ń ba kọ̀ǹpútà jẹ́ ló ń bà mí."

"Háà, Papa! Kòkòrò kankan ò sí níbẹ̀ o!"

Ó pa àwọn ìròyìn náà rẹ́, àyè ṣí sílẹ̀ rẹpẹtẹ. Ṣùgbọ́n kò rí fídíò mi gbà padà.

"Àkànní, ṣé o ti jẹun?" Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ń sọ nínú fídíò náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Lomé níbí, kò sẹ́ni tó ń pè mí ní Àkànní mọ́.

Ẹ̀yin ará ilé, mo fi fídíò náà ránṣẹ́ sí àwọn kan nínú yín nígbà náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo inú fóònù yín. Ta ló ṣì ní in?