Ẹni Tó Dúró Lẹ́nu Ọ̀nà Fíìmù Ara Rẹ̀

Ìyá mi ṣe fíìmù, àmọ́ kò rí i. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn aládùúgbò wa ní Kofar Rini, ní Sókótó níbí, wọ́n á rò pé mo ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Hajiya Àlímátù tó ń dín kosai, àkàrà àwọn Hausa, láràárọ̀ ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Wọn ò mọ̀ pé ojú Hajiya kan náà ti wà lára pósítà ògiri rí, láti Ìbàdàn títí dé Ìlọrin.

Ẹgbẹ́ òṣèré alárìnkiri ni Ìyá wà nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, Ọ̀gá Oyèlárán sì ni olórí wọn. Láyé ìgbà yẹn, olórí ẹgbẹ́ ló máa ń fẹ́ àwọn òṣèrébìnrin rẹ̀, kí wọ́n má baà kọ́ iṣẹ́ tán kí wọ́n gbé e lọ sí ẹgbẹ́ ẹlòmíràn. Ìyá ò gbà fún un. Ó ní iṣẹ́ lòun wá ṣe, òun ò wá ọkọ wá. Ọ̀gá ò lè lé e, nítorí ó mọ iṣẹ́ ju gbogbo àwọn tó gbà lọ. Nígbà tí wọ́n sì fẹ́ ṣe fíìmù, òun náà ni wọ́n fi ṣe ìyàwó tí wọ́n lé kúrò nílé ọkọ, orí rẹ̀ sì ni gbogbo ìtàn náà dúró lé.

Róòlù fíìmù náà ò ju ẹyọ kan lọ. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló ń gbé e kiri láti ìlú dé ìlú, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, nítorí olè. Àwọn òṣèré ló ń já tíkẹ́ẹ̀tì, wọn ò gbé e fún àjèjì. Àwọn ìyàwó ọ̀gá á jókòó sínú gbọ̀ngàn, Àlímátù á dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀gá ní àwọn èèyàn fẹ́ fojú kan ẹni tó wà lára pósítà kí wọ́n tó sanwó. Irọ́ ni. Ìyà ló fi ń jẹ ẹ́, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa.

Bí gbogbo èrò bá wọlé tán, Ìyá á ṣì wà níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà yọ́ wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Á máa gbọ́ ohùn ara rẹ̀ láti ẹ̀yìn ògiri. Á máa gbọ́ báwọn obìnrin ṣe ń sunkún nítorí rẹ̀. Ó bẹ ọ̀gá kó jẹ́ kóun wọlé lẹ́ẹ̀kan péré. Ọ̀gá ní ó di Abẹ́òkúta. Wọ́n dé Abẹ́òkúta, ó ní ó di Ìjẹ̀bú. Ọ̀la ò tán lẹ́nu ọkùnrin yẹn.

Ẹnu ọ̀nà yẹn náà ni bàbá mi ti rí i, ní Ìlọrin. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Bàbá, ó ń ta páàtì mọ́tò ní Sókótó níbí, ó sì wá sílé ọdún. Ó ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ Ìyá, ó wọlé, ó wo fíìmù, ó jáde, kò sì kúrò níwájú rẹ̀ mọ́. Ìyá fẹ́ ẹ, ó tẹ̀ lé e wá síbí, ó pa eré tì. Bí wọ́n bá ń jà nígbà tí mo wà ní kékeré, Bàbá á ní, "Ẹ̀rín tó o rín nínú fíìmù yẹn, o ò rín in fún mi rí." Ìyá á ní, "Irú ẹ̀rín wo?" Bàbá ò lè ṣàlàyé rẹ̀. Ó kú tòun ti àlàyé yẹn, Ọlọ́run kẹ́ ẹ.

Ojú wá bẹ̀rẹ̀ sí í dun Ìyá. Dókítà ní èyí tó ti lọ nínú ìríran rẹ̀ kò ní padà, kó sáà máa kán oògùn kí ìyókù má baà lọ. Bó bá kán an lónìí, á gbàgbé lọ́la. Mo pariwo títí ó fi sú mi.

"Rùkáyàt, fi mí sílẹ̀," ló wí. "Mi ò ní kí ojú yìí wà títí ayé. Kó sáà dúró de fíìmù yẹn."

Nígbà yẹn, bí ọdún 2005, wọ́n ti ń gbé àwọn fíìmù àtijọ́ jáde sínú síídì. Gbogbo ẹni tó ń lọ sílẹ̀ Yorùbá ni mo bẹ̀. Ọ̀kan gbé síídì wáàsì wá. Ọ̀kan gbé fíìmù àwọn ọmọ àná wá, ó ní ṣebí Yorùbá náà ni. Ẹlòmíràn gbàgbé pátápátá, ó tún ń rẹ́rìn-ín sí mi. Haba! Ojú ò sì dúró de ẹnikẹ́ni.

Ọlábíyìí ló rí i rà. Àgùnbánirọ̀ ni, ó ń kọ́ni ní Gagi, ó sì máa ń wá jẹ àkàrà Ìyá. Ó gbé e dé láti Ìbàdàn nígbà ọyẹ́. Ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé nìkan ló kù tí Ìyá ń rí. Síbẹ̀ ó wẹ̀, ó lé tìróò, ó ní ká gbé àga òun sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fimú kan gíláàsì.

"Ìyá, ẹ̀yin rèé," ni mo wí. Ojú rẹ̀ nígbà ọ̀dọ́ kún gbogbo tẹlifíṣọ̀n, mo sì fẹ́ sunkún. "Ẹ wé gèlè pupa. Ẹ gbé ẹrù lérí."

Obìnrin inú fíìmù la ẹnu. Ìyá fa orí sẹ́yìn.

"Wòsílátù nìyẹn."

Ìyàwó kékeré ọ̀gá ni Wòsílátù. Orí ẹní kan náà lòun àti Ìyá jọ ń sùn kí ọ̀gá tó fẹ́ ẹ.

"Ìyá, ẹ̀yin ni. Mo ń wo ojú yín."

"Mo ní Wòsílátù ni. Kí ló ń ṣe lẹ́nu mi?"

Ọlábíyìí dorí kodò. Ó ní ẹni tó ta síídì fóun ti sọ ọ́: ohùn àtijọ́ ti bàjẹ́ lára róòlù, àwọn ará ilé ọ̀gá ló fi ohùn ara wọn tún un sọ. "Mi ò mọ̀ pé ó já mọ́ nǹkan, mà."

Inú bí mi débi pé mo fẹ́ yọ síídì náà kí n dá a sí méjì. Nígbà tó lójú, wọ́n fún un ní ohùn láti ẹ̀yìn ògiri. Nígbà tó ku etí nìkan, wọ́n gba ohùn náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ni mo fẹ́ bá jà? Ọ̀gá ti kú.

"Pa ohùn ẹ̀," ni Ìyá wí. Mo pa á. "Dá a padà síbi tí mo ti gbẹ́rù." Mo dá a padà. Ó nàró ṣánṣán lórí àga, ó wúkọ́ díẹ̀ kí ohùn rẹ̀ lè là.

"Ọkọ mi, ẹrù tí mo gbé wọlé ni mo gbé jáde yìí. Bí mo bá mú abẹ́rẹ́ yín, kó gún mi."

Ó yá ju ẹnu tó wà nínú fíìmù lọ díẹ̀. Mo ní kó rọra. Ó rọra, ohùn sì bá ẹnu mu. Obìnrin inú fíìmù kọjú sí ọkọ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, mo sì rí ẹ̀rín tí Bàbá ń wí. Bí mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún Ìyá, iná lọ.

Ọlábíyìí wò mí. Mo fi ìka sẹ́nu.

"Ṣé ó ń bá mi mu?" Ìyá bèèrè.

"Ó ń bá yín mu, Ìyá."

Ó sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ níwájú tẹlifíṣọ̀n tó ti kú.