Ehoro Tó Ti Inú Òkùnkùn Jáde

Kékeré ni mo ṣì wà ní Àgbádárìgì nígbà tí owó epo rọ̀bì gbòde. Àwọn obìnrin tó ń ta léèsì ní Kùtọnu ń ra góòlù sọ́rùn, àfi àbúrò bàbá mi obìnrin, tí a ń pè ní Àǹtí. Àwòrán ẹranko ni tirẹ̀. Oníbàárà rẹ̀ kan, obìnrin òyìnbó Faransé, máa ń kó wọn bọ̀ láti ìlú rẹ̀, Àǹtí á sì fi léèsì gbà wọ́n. Ìyá mi ní ẹni tó bá fi léèsì gba àwòrán ológbò, kí wọ́n tètè bá a wá ọkọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe rí. Bébà náà dúdú bí ìdí ìkòkò. Bí ẹ bá wò ó fìrí, ẹ ó ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ ní sùúrù díẹ̀, ojú òwìwí á yọ sí yín, ìyẹ́ rẹ̀ á sì múlọ́múlọ́ débi tí ọwọ́ yín á fẹ́ kàn án. Ẹ̀rù a máa bà mí, n kò sì ní lè kúrò níbẹ̀.

Nígbà tí bàbá bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá, lọ sí Mẹ́kà, Àǹtí gbé wọn kọ́ sára ògiri pálọ̀, níbi tí gbogbo wa ti ń kírun. Bàbá dé, ó rí wọn. Ó ní máláíkà kì í wọ ilé tí àwòrán ohun ẹlẹ́mìí bá wà, kí Àǹtí kó gbogbo rẹ̀ jó kí ọjọ́ Jímọ́ tó pé. Ọ̀rọ̀ Bàbá kì í sì í ṣe méjì. Àǹtí kò jẹun lọ́jọ́ náà. Mo rí i tó ń fi etí ìró nu gíláàsì wọn, tó ń sunkún, àánú rẹ̀ sì ṣe mí gan-an.

Lọ́jọ́ Àlàmísì, ó gbé ehoro kan lọ bá Bàbá lábẹ́ igi àgbọn, ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, n ó jó wọn. Ẹ kàn bá mi wo ẹyọ kan yìí."

Bàbá wò ó, ó tún gbé e sún mọ́ ojú. "Báwo ni wọ́n ṣe ya irun yìí?"

"Wọn ò yà á, Bàbá. Irin bàbà pẹlẹbẹ kan ni wọ́n kọ́kọ́ ṣá títí gbogbo ara rẹ̀ fi rí págunpàgun. Tí wọ́n bá fi yíǹkì tẹ̀ ẹ́ sórí bébà báyẹn, dúdú lásán ni. Ibi tí wọ́n bá wá ń họ, tí wọ́n ń mú dán díẹ̀díẹ̀, ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ti ń jáde. Ẹni tó ṣe é ṣì wà láyé, orúkọ rẹ̀ rèé nísàlẹ̀."

Bàbá wo orúkọ náà. "Sùbúhánàlláhi. Tí èèyàn bá ṣe wàhálà tó báyìí lórí irun ehoro, Ẹni tó dá ehoro gan-an ńkọ́?" Ó dá a padà fún un. "Má jó wọn. Kó wọn sí yàrá rẹ, kí o fi aṣọ bò wọ́n, kí ẹnikẹ́ni má kírun níbẹ̀."

Láti ìgbà náà, bí a bá ti kírun Àsárì tán, Bàbá a wá sí yàrá náà. A ó ṣí aṣọ lójú ẹyọ kan péré, a ó jókòó tì í, ẹnikẹ́ni kò ní sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ọmọ mi, n kò rí irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Owó epo ti lọ, Bàbá àti Àǹtí náà ti lọ, atẹ́gùn òkun sì ti ba púpọ̀ nínú àwọn àwòrán náà jẹ́. Lónìí, àwòrán ń bá yín wọ mọ́ṣáláṣí nínú fóònù. Ìka lẹ fi ń tì wọ́n kọjá, erin, kìnnìún, àbùùbùtán, kí n tó mọ ohun tí mo rí, ó ti lọ. N kò bá ayé jà. Ṣùgbọ́n Bàbá tí ẹ̀rù àwòrán ń bà jókòó wò ó. Ẹ̀yin tí ẹ̀rù rẹ̀ kò bà, èwo lẹ ti wò rí?