Oògùn Abẹ́ Ahọ́n Bàbá Mi

Gbogbo àdúgbò wa ní Ìjẹ̀bú-Òde ló ń yin bàbá mi pé ó mọ ènìyàn kí. Bí ó bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, á dúró lẹ́nu ọ̀nà oníbàtà, á béèrè ìyàwó, á béèrè ọmọ, á béèrè ìyá tó wà lóko. Lẹ́yìn ilé mẹ́ta, á tún dúró kí ẹlòmíràn. Èmi àti Màmá nìkan la mọ̀ pé ó ń sinmi ni. Àyà ló ń há a, ìkíni ló fi ń bò ó mọ́lẹ̀.

Ó ti tó ọdún mẹ́fà nígbà náà tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn fún un ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tó dé, a ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì dìde níwájú ìjọ, ó ní òun ti bọ́. Mo rò pé ìdí nìyẹn tí kò fi lè sọ fún ará ìta pé ìrora náà ti padà. Ẹni tó ti dúpẹ́ tán, báwo ni yóò ṣe tún padà wá sunkún?

Èmi ti jáde ní fásitì, mo ti ṣe agùnbánirọ̀ tán, n kò sì ríṣẹ́. Bí bàbá mi bá sùn lọ́sàn-án, màá dúró lẹ́nu ọ̀nà, màá máa wo àyà rẹ̀ bóyá ó ń lọ sókè sódò. Ẹ̀rù ń bà mí, ojú sì ń tì mí pé mò ń jẹun wọn lásán. Mo fẹ́ wúlò. Kí n sọ òótọ́, mo fẹ́ kí wọ́n rí i pé mo wúlò.

Oògùn kan wà tí bàbá mi máa ń fi sábẹ́ ahọ́n tí àyà bá ti há a; bí ó bá ń ṣiṣẹ́, á ta á láhọ́n. Inú ìgò dúdú kékeré ló wà, ó sì máa ń gbàgbé ìgò náà sílé. Ni mo bá fa ìwé ya, mo di hóró oògùn náà ní méjì méjì, bí wọ́n ṣe ń dì í fún wa ní ṣọ́ọ̀bù olóògùn, mo fi sínú àpò gbogbo aṣọ rẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀ fún oṣù mẹ́ta.

Ọjọ́ wá pé tí règbérègbé rẹ̀, àwọn tí ọjọ́ orí wọn ṣe déédéé, fẹ́ fẹsẹ̀ rìn lọ kí ọba láàfin.

Màmá ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ jókòó sílé, ẹ jọ̀ọ́."

"Kí wọ́n lè máa sọ pé mo ti kú?"

Mo tẹ̀lé e. Ẹgbẹ́ tó ń rìn kì í dúró kí oníbàtà. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan yíjú padà. "Ìyàwó tuntun! Ṣé ká wá gbé ọ pọ̀n ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá mi náà rẹ́rìn-ín, ó sì gbá ògiri mú. Mo tú ìwé inú àpò rẹ̀, mo fi hóró kan sábẹ́ ahọ́n rẹ̀.

"Kò ta," ó ní.

"Ẹ ní sùúrù, Bàbá."

"Mo ní kò ta mí láhọ́n. Ó dà bí ṣọ́ọ̀kì."

Mo fún un ní èkejì. Òun náà kò ta. Òógùn bo ojú rẹ̀. A dá takisí dúró, ó di ọsibítù. Ọ̀rẹ́ tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́ bá wa wọ ọkọ̀, ó ṣí fìlà, ó gbé e lé itan.

Nígbà tí ara rẹ̀ rọ̀ díẹ̀, nọ́ọ̀sì gba ìwé tí mo dì náà. "Ta ló kó o kúrò nínú ìgò?"

"Èmi ni, mà."

"Atẹ́gùn ti gba agbára rẹ̀. Ìgò yẹn ló ń dáàbò bò ó. Ṣé ẹ ò ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò ni?"

Ọdún mẹ́rin ni mo fi kàwé ní fásitì. N kò ka ara ìgò.

Bàbá mi kò bá mi wí. Ì bá bá mi wí, ì bá sàn fún mi. Kò bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde mọ́, ó ń jókòó ní fàráńdà, ìgò nínú àpò. Bó bá ti fi oògùn sábẹ́ ahọ́n, màá dúró tì í títí yóò fi sọ pé, "Ó ta."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo sáré bọ́ síta bá a. Ọwọ́ òsì rẹ̀ wà láyà. Ó wo ojú mi, ó sì tètè ní, "Ó ta, ọmọ mi. Ó ta."

Hóró oògùn náà ṣì wà ní àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún rẹ̀.

Mo ní, "Ẹ ṣé, Bàbá."