Ọwọ́ Àna Lórí Ìwé Ìhágún

Ẹ sún mọ́ ìhín, ẹ wá àyè jókòó sí. Ọ̀rọ̀ mi kì í yá, mi ò sì lè sáré sọ èyí. Ẹni tó ní bàbá tó ń kọ ogún rẹ̀ sínú ìwé, kí ó gbọ́. Ẹni tó sì ní àna rere, kí ó tẹ́tí dáadáa.

Ìyàwó méjì ni bàbá wa fẹ́ ní Oǹdó. Ìyá mi bí èmi àti àbúrò mi obìnrin. Ìyá kejì bí márùn-ún. Àwọn ìyá méjèèjì ló ṣáájú bàbá lọ. Èmi ń gbé Àkúrẹ́, níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ ìjọba fẹ̀yìntì. Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá bàbá dùbúlẹ̀, àbúrò mi obìnrin àti ọkọ rẹ̀ ló kó lọ bá a nílé. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ń wẹ̀ ẹ́, tó ń fún un lóúnjẹ, tó ń yí i padà lórí ibùsùn. Wọn ò ní ilé mìíràn.

Bàbá rán mi sí lọ́yà ní Àkúrẹ́. Lọ́yà kọ ìwé ìhágún náà, mo sì gbé e lọ sí Oǹdó kí bàbá lè fọwọ́ sí i. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò pọ̀. Ilé Oǹdó, ti àbúrò mi obìnrin. Oko kòkó, tèmi. Ohunkóhun tó bá ṣẹ́ kù, kí gbogbo ọmọ pín in ní ìdí-igi. Ìdí-igi ni pé ká ka ìyá, ká má ka ọmọ: ìyá tó bí méjì àti ìyá tó bí márùn-ún, ìdajì ìdajì ni. Tó bá jẹ́ orí-ò-jorí ni, orí méje là bá kà.

Lọ́yà ti kìlọ̀ fún mi: "Dadi, ẹlẹ́rìí méjì ni o. Kí wọ́n jọ wà níbẹ̀, kí wọ́n má sì ní ìpín nínú ìwé náà." Mo ní mo ti gbọ́.

Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìntì, aládùúgbò wa, tètè dé. Ẹnì kejì tí à ń retí ti lọ sí Ìlárá-Mọ̀kín, ọmọ ọmọ rẹ̀ ń wọ yunifásítì lọ́jọ́ náà. A dúró títí. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í bínú. Ó ní ìwé òun kò ní sùn nílẹ̀ láìfọwọ́sí. Mo yọjú sí ẹ̀yìnkùlé, mo rí àna mi, ọkọ àbúrò mi, níbi tó ti ń tún ẹ̀rọ omi ṣe.

"Jọ̀ọ́, wá bá wa fọwọ́ síwèé."

Ṣé àna rere ń kọ iṣẹ́ ni? Ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá. Bàbá fọwọ́ sí i, olùkọ́ fọwọ́ sí i, òun náà fọwọ́ sí i. Mo tún ìwé náà wò. Orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀, mo sì gbà pé kò ní ìpín. Inú bàbá dùn pé àna òun ló jẹ́rìí òun.

Lẹ́yìn tí a sin bàbá, gbogbo wa pàdé ní ọ́fíìsì lọ́yà. Ó ka ìwé náà dé ìsàlẹ̀, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ta ni ẹlẹ́rìí kejì yìí?"

Àna mi nawọ́ sókè bí ọmọ ilé-ìwé. "Èmi ni, sà."

"Kí lẹ jẹ́ sí olóògbé?"

"Àna wọn ni mí. Ìyàwó mi rèé." Ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Èmi ni lọ́yà wò, kò wo òun. "Dadi, mo sọ fún yín."

"Orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé," ni mo wí.

"Orúkọ ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀. Lójú òfin, ẹni tó bá jẹ́rìí síwèé kò lè gba ẹ̀bùn inú rẹ̀, ọkọ tàbí ìyàwó rẹ̀ náà kò sì lè gbà á. Ìwé ò bàjẹ́ o. Ẹ̀bùn ilé yẹn nìkan ló bàjẹ́. Ilé ti bọ́ sínú ohun tó ṣẹ́ kù."

"Ìyẹn ni pé ìdajì rẹ̀ jẹ́ tiwa." Àkọ́bí ìyá kejì ló sọ bẹ́ẹ̀. Kò béèrè, ó sọ ọ́ ni.

Àbúrò mi obìnrin yíjú sí mi. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ mọ̀?"

"Mi ò mọ̀."

"Ẹ̀yin tí lọ́yà bá sọ̀rọ̀ ò mọ̀. Ṣé ẹni tó wà lẹ́yìnkùlé ló yẹ kó mọ̀?"



Kò pẹ́ tí àkọ́bí ìyá kejì fi rí ẹni tó fẹ́ ra ilé náà, tó fẹ́ wó o kọ́ òtẹ́ẹ̀lì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn tó ń wọn ilẹ̀ dé. Wọ́n na téèpù gba ìdáná àbúrò mi kọjá, wọ́n ní kó bá àwọn sún ìkòkò. Ó ní, "Ẹ gba orí rẹ̀." Ó pè mí lórí fóònù, kò sọ ju gbólóhùn kan lọ: "Wọ́n ti dé o." Mo wọkọ̀.

Mo pe àwọn márààrún jọ sí pálọ̀ bàbá.

"Ìwé ló sọ̀rọ̀, Bọ̀ọ̀dá," ni àkọ́bí wọn wí, "kì í ṣe èmi."

Àbúrò mi obìnrin dá a lóhùn: "Ìwé náà ló ń fọ ìgbẹ́ Bàbá? Ìgbà wo lo wá síbí kẹ́yìn? Kérésì tí o wá gbé àkùkọ lọ!"

"Ọdún mẹ́sàn-án lẹ fi gbébí. Ṣé ẹ sanwó ilé ni?"

Àna mi dìde. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo fà á jókòó. Oko kòkó náà ni mo ti fọkàn sí pé n ó fi lo ọjọ́ alẹ́ mi, ṣùgbọ́n ẹnu mi ti ṣáájú mi.

"Ẹ gba oko mi, kẹ́ ẹ fi ìdajì ilé yín sílẹ̀ fún àbúrò mi yìí. Èyí tó kàn mí nínú ìdajì tiwa, mo yọwọ́ níbẹ̀."

Ìgbà kan wà tí n bá fi oko yẹn tọrẹ, tí wọn ò ní gbà á. Àmọ́ gbogbo ayé ló mọ bí kòkó ṣe gbówó lórí báyìí.

"Gbogbo rẹ̀? Títí dé etí odò?"

"Títí dé etí odò."

Wọ́n jáde lọ forí korí. À ń gbọ́ ariwo wọn láti ojú fèrèsé: èyí ní rárá, èyí ní ta ló máa roko? Àbúrò mi obìnrin kò wo ẹnikẹ́ni. Ó ń fi ìka fa òwú ara àga bàbá yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n pẹ́ níta. Nígbà tí wọ́n wọlé, àkọ́bí wọn kò jókòó.

"A gbà. Ká kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ lọ́yà. Ṣùgbọ́n kí àna yín má fọwọ́ kan bírò o!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àna mi náà rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rín.

Nígbà tí a fọwọ́ síwèé tán, tí mo ń wọkọ̀ padà, mo retí kí àbúrò mi dúpẹ́. Ó ní, "Ẹ má retí ọpẹ́, Ẹ̀gbọ́n. Bàbá ló fún mi. Ẹ̀yin kàn dá a padà ni."

Òótọ́ ló sọ. Ilé Oǹdó, òun ló ni ín. Oko kòkó, àwọn ọmọ ìyá kejì ló ni ín. Wọ́n ti gé àwọn igi tó gbó, wọ́n ti gbin tuntun. Ohun tó ṣẹ́ kù ni Pẹjò àtijọ́ kan àti aṣọ bàbá. A pín in ní ìdí-igi: Pẹjò lọ sọ́dọ̀ wọn, aṣọ kàn wá. Agbádá méjì ló bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn há mọ́ mi láyà.